Ìyá Tí Kò Mu Omi: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Nínú Ooru Ìlọrin

Àkọsílẹ̀ yìí dá lórí ìyá àgbà kan tí a ń lọ bẹ̀ wò nílé, nínú agboolé kan ní ìgboro Ìlọrin, láti ìparí oṣù Kejì ọdún 2024 títí di ìgbà tí òjò fìdí múlẹ̀. Èmi ni nọ́ọ̀sì tí ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti yọ orúkọ àti àdúgbò wọn kúrò, mo sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá náà àti àkọ́bí rẹ̀ kí n tó gbé kálámù. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àgbàlagbà ni mo ń kọ ọ́ sí, nítorí pé ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń sọ fún ìyá yìí pé kí ó máa mu omi, tí kò mu ún, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì jókòó tì í kí ó bi í léèrè ohun tó ń dí i lọ́wọ́.

Bí a ṣe bá a

Ẹni ọdún 78 ni ìyá náà. Ó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún nǹkan bí ọdún 15, oríṣi méjì: amlodipine, tó ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, àti hydrochlorothiazide, tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní oògùn ìtọ̀, nítorí pé ó ń mú kí kíndìnrín lé omi àti iyọ̀ jáde kúrò lára. Ojú rẹ̀ ríran, ọkàn rẹ̀ pé, kò sí ọ̀ràn kan nínú agboolé tí wọn kì í gbé wá síwájú rẹ̀. Eékún ọ̀tún nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ máa ń lọ sí ìsọ̀ ní Ọjà-Ọba láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 12, ló ń bá a gbélé lẹ́yìn ilé-ìwé.

Yàrá tí ó ń gbé ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn ọmọ rí owó díẹ̀, wọ́n kọ́ yàrá oníbúlọ́ọ̀kù méjì sí ẹ̀gbẹ́ ilé alámọ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀, wọ́n sì kó ìyá wọn sínú ọ̀kan láti fi bu ọlá fún un. Páànù ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, owó sílìn kò tíì jáde. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, títì ni ó sì máa ń wà tọ̀sán-tòru nítorí ẹ̀fọn àti olè. Ẹni tó bá mọ Ìlọrin mọ bí ooru ṣe ń rí láàrin ìgbà tí ọyẹ́ bá ti lọ sí ìgbà tí òjò bá dé. Ní ọdún náà, NiMet, àjọ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ti kìlọ̀ láti oṣù Kejì pé kí àwọn ènìyàn múra sílẹ̀ de ooru líle.

Ohun tí ìyá náà ń sọ fún wa kò ju pé orí ń fọ́ òun, òòyì ń kọ́ òun bí òun bá dìde, ẹnu òun kò sì gba oúnjẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ máa ń gbóná. Ìtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí tíì tí a kò bu mílíìkì sí.

Ibà, omi, fáànù

Ibà ni gbogbo ilé pè é. Ẹlẹ́kẹ́míìsì ta oògùn ibà àti parasẹ́támọ̀ fún wọn, ó lò ó pé, ara fúyẹ́ fún ọjọ́ méjì, ó sì tún padà. Wọ́n tún fẹ́ ra òmíràn nígbà tí a dé. Èmi kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí èyí, nítorí pé ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ara rẹ̀ gbóná tí orí sì ń fọ́, ibà náà ló sábà máa ń jẹ́. A gún un ní ìka, a fi ohun èlò àyẹ̀wò ibà ojú ẹsẹ̀ wò ó, kò sí ibà níbẹ̀. Bí ibà bá mú ènìyàn, ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló gbé ìwọ̀n ooru ara sókè láti bá àrùn jà, ìdí nìyẹn tí parasẹ́támọ̀ fi lè rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ooru ayíká ló wọ ara tí ara kò rí ọ̀nà lé e jáde, parasẹ́támọ̀ kò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ó sì ṣòro fún ara àgbàlagbà láti lé ooru jáde. Òógùn rẹ̀ ti dín kù, bẹ́ẹ̀ ni gbígbẹ òógùn lára ni olórí ọ̀nà tí a fi ń tutù. Kíndìnrín rẹ̀ kò lè ṣọ́ omi lò bíi ti ọ̀dọ́ mọ́. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé òùngbẹ kì í tètè gbẹ ẹ́: omi lè ti dín nínú ara rẹ̀ gan-an kí ọ̀fun rẹ̀ tó béèrè. Bí a bá wá fi oògùn tó ń lé omi jáde kún un, a ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

A mọ gbogbo èyí, a sì sọ ọ́ fún wọn. A ní kí ìyá máa mu omi, kí ó má jáde sóòrùn, kí wọ́n wá fáànù sí yàrá rẹ̀. Àwọn ọmọ ṣe é lójú ẹsẹ̀: wọ́n gbé fáànù onídùùró wá, wọ́n sì ra àpò omi inú ọ̀rá méjì, ogún ogún nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, àpò kan kò tíì já, mọ́kànlá sì wà nínú èkejì, bẹ́ẹ̀ ìyàwó ọmọ náà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń mu nínú rẹ̀. Mo tún wàásù omi fún ìyá náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mo ti gbọ́, ọmọ mi, Ọlọ́run á san án fún ẹ." Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé mo ti ṣàlàyé fún un, ó sì gbà. Bí mo bá ka gbólóhùn yẹn lónìí, ó máa ń dùn mí.

Ní ti fáànù, a kò ronú jinlẹ̀ tó. Fáànù kì í sọ afẹ́fẹ́ di tútù. Ó ń gbé èyí tó wà nínú yàrá káàkiri ni, ó sì ń ràn òógùn lọ́wọ́ láti gbẹ. Nínú yàrá tí a ti tì pa, lábẹ́ páànù, lára ẹni tí kò làágùn púpọ̀, oore tó lè ṣe kò pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé tilẹ̀ kìlọ̀ pé bí ooru inú yàrá bá ti tó 40°C, fáànù lè máa fi ooru kún ti ara ni. Iná ọba pàápàá kì í sì í pẹ́ tí ó fi ń lọ.

Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà kò sọ fún wa pé òun yóò gbà á, àwa náà kò sì bi í. Ní Ọjọ́rú, ní kété tí wọ́n kí ìrun Àlàásárì tán, aládùúgbò wọn pè mí. Mo wà nítòsí, n kò pẹ́ kí n tó débẹ̀.

Ilẹ̀kùn yàrá wà ní pípa. Ìyá náà dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ìborùn lórí, ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ti kú tipẹ́, ó ń sọ fún un pé kí ó fa omi kànga wá. Kò dá mi mọ̀. Awọ ara rẹ̀ gbóná, ó gbẹ fúrúfúrú, abẹ́ apá rẹ̀ sì jẹ́ 40.3°C. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti mú búláńkẹ́ẹ̀tì dání láti fi bò ó kí ibà náà lè làágùn jáde. Obìnrin kan ń po parasẹ́támọ̀ sínú ṣíbí omi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, kò ní lè gbé e mì dáadáa. Ẹ jẹ́ ká gbé e kúrò níbí ná."

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé e tẹní-tẹní lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé alámọ̀. Bí a ṣe wọ ibẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n lára pé ibí yìí yàtọ̀. A bọ́ aṣọ tó nípọn kúrò, ó ku ìró fẹ́lẹ́ kan, a rẹ ìró méjì mìíràn sínú omi kànga, a tẹ́ ẹ lé e lára, a fi aṣọ tútù sí ọrùn rẹ̀, sí abíyá méjèèjì, àti sí abẹ́ itan. Obìnrin méjì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ láìdáwọ́ dúró, ọmọdébìnrin náà sì ń da omi sí aṣọ bí ó bá ti fẹ́ gbẹ. Àgbà ọkùnrin kan fi ohùn líle kìlọ̀ fún mi pé omi tútù lára ẹni tí ara rẹ̀ gbóná yóò fa òtútù àyà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, bí ó bá jẹ́ àṣìṣe, èmi ni kí ẹ mú." Àyè kò sí fún ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, ooru ara rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 38.9°C. Ó la ojú, ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì béèrè pé, "Ṣé wọ́n ti pe ìrun Mọ̀ńgàríbì?" Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ dájú pé ààwẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ Màrúwà ni a fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, aṣọ tútù ṣì wà lára rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí fi ọkàn sí i: a kọ́kọ́ tu ara rẹ̀ ká tó gbé e. Bí ooru ara bá ti kọjá 40°C tí iyè sì ti ń ra, gbogbo ìṣẹ́jú tí ara bá fi wà nínú ooru yẹn ń ba ọpọlọ, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ká ní a sáré gbé e sínú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ìgbà ìṣínu sì dá wa dúró lójú ọ̀nà, n kò rò pé n óò ní ohun rere kan láti kọ. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n tún àyẹ̀wò ibà ṣe, kò sí. Wọ́n fa omi sí i lára. Wọ́n rí i pé kíndìnrín rẹ̀ ti ń jìyà àìtó omi, wọ́n sì dá oògùn ìtọ̀ dúró. Ó lo òru mẹ́rin níbẹ̀, kíndìnrín náà sì bọ̀ sípò.

Ohun tí ó ti ń fi pa mọ́

Nígbà tí ó padà délé, mo fa ìlà sára ìgò omi kan, mo ní kí ó mu ún dé ìlà yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, omi inú ìgò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Dípò kí n tún sọ̀rọ̀, mo fa àpótí, mo jókòó tì í, mo sì dúró títí àwọn yòókù fi jáde.

Mo ní, "Ìyá, kí ni omi yìí ṣe fún yín?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Omi ò ṣe mí ní nǹkan kan, ọmọ mi. Ibi tí n óò tọ̀ ọ́ sí ni ọ̀ràn."

Ó wá là á fún mi. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìn ilé. Láti yàrá rẹ̀, èèyàn ní láti sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́ta tí kò ní ohun ìdìmú, kí ó yí kànga ká, kí ó tó débẹ̀. Nínú ọyẹ́, ní òru ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn náà, ó ṣubú, eékún rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó lè dìde. Ilẹ̀ ló wà títí wọ́n fi pe ìrun Àsùbáà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé àkọ́bí rẹ̀ ti ń halẹ̀ pé òun yóò gbé e lọ sí Èkó bí nǹkan kan bá ṣe é, òun kò sì fẹ́ fi ilé ọkọ òun sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti kí ìrun Àìlà, kò tún ní fi omi kan ẹnu mọ́ títí di ọjọ́ kejì, àfi èyí tí ó fi ń lo oògùn.

Mo wá béèrè ìgbà tí ó máa ń lo oògùn. Ó ní lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, méjèèjì pọ̀, nítorí pé ìgbà yẹn ni ọmọdébìnrin náà máa ń ráyè ka orúkọ wọn fún òun. Oògùn tó ń lé omi jáde ni ó ń lò ní àsìkò tí ó fẹ́ sùn! Gbogbo òru ni ìtọ̀ fi ń jí i, bí ìtọ̀ bá sì ṣe ń jí i ni ó túbọ̀ ń dín omi kù. Ọ̀gbọ́n ni ó ń lò láti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìṣubú, àwa sì ń pè é ní agídí.

Láti ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà gbé amlodipine sí àárọ̀, kò sì dá oògùn ìtọ̀ padà títí ooru fi lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti rí i pé kò ru. Mo ń tẹnu mọ́ ọn pé dókítà ló ṣe èyí. Ẹni tó bá dá irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró fúnra rẹ̀ lè kó sí wàhálà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kò gbọdọ̀ máa mu omi ní ìmukúmu láìbéèrè ìwọ̀n tó yẹ ẹ́. Káfíńtà àdúgbò kan àga onígi tó ní ihò láàrin, wọ́n gbé póò sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe, àga yìí ni owó rẹ̀ kéré jù, òun náà ló sì yí ọ̀rọ̀ padà jù. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé e dé, omi inú ìgò ti wálẹ̀ dé ìlà.

Ó tún jẹ́wọ́ pé omi inú ọ̀rá ń rùn ọ̀rá lẹ́nu òun, àti pé gbígbóná ni òun máa ń bá a. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ ra àmù ní Dáda, ní Òkèléle, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ayébáyé. Omi díẹ̀díẹ̀ máa ń là kọjá lára àmù, bí ó sì ti ń gbẹ ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń kó ooru omi inú rẹ̀ lọ. A ní kí wọ́n máa bò ó, kí wọ́n sì máa fọ̀ ọ́ déédéé. Ìyá náà máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara àmù náà kí ó tó bu omi, bí ẹni ń wo ara ọmọ.

Ní ti yàrá, mo gbé tẹmómítà kọ́ síbẹ̀. Ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí afẹ́fẹ́ ìta ti rọ̀ sí 29°C, inú yàrá ṣì wà ní 34°C. Búlọ́ọ̀kù ti gba oòrùn mu láti ọ̀sán, òru ni ó ń tú u jáde sí inú, ojú fèrèsé sì wà ní pípa. Gbogbo ìbẹ̀wò wa ṣáájú ìgbà náà, òwúrọ̀ ni a ń lọ, nígbà tí yàrá náà ṣì dára. Àkọ́bí rẹ̀ fẹ́ ra ẹ̀rọ amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi owó náà ṣe sílìn, kí ó sì kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ fèrèsé, kí wọ́n máa ṣí i lálẹ́, kí wọ́n sì máa fi aṣọ bò ó lójú oòrùn. Kí ìyẹn tó yọrí, wọ́n gbé ibùsùn ìyá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé alámọ̀.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ló kù. Ó ní òun yóò padà sídìí rẹ̀, nítorí pé òun kò jẹ gbèsè ààwẹ̀ kan rí láti ìgbà ọmọge. Mo sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Àkọ́bí rẹ̀ pariwo lórí fóònù láti Èkó, ìyẹn tún mú kí ó le sí i. Ààfáà àdúgbò ni mo lọ bá. Mo ṣàlàyé ohun tí dókítà sọ fún un, ó sì wá fúnra rẹ̀ ní alẹ́. Ó ka ẹsẹ̀ 184 nínú Súrà Bákárà, ó túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó ní ẹni tí ara rẹ̀ kò gbé ààwẹ̀ mọ́ yóò máa bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí kì í sì í ṣe àánú fún ọ̀lẹ, àṣẹ Ọlọ́run ni. Ìyá náà sunkún díẹ̀. Ohun tó bi Ààfáà lẹ́yìn náà ni pé, "Ṣé mo lè fi ọwọ́ mi sè é?" Èmi ni mo ní kí ó má dúró ti iná, a gbà pé yóò máa jókòó lábẹ́ ìbòòji, yóò máa ṣa ẹ̀wà gbẹ̀gìrì, kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ máa sè é.

Lẹ́yìn èyí, òun fúnra rẹ̀ ló wá bí yóò ṣe máa rántí omi. Bí ó bá ti ṣe àlùwàlá, kí ó tó gbé kẹ́tùlù kalẹ̀, yóò bu ife omi kan láti inú àmù, yóò mu ún, ó di ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ kí a tó ka ti oúnjẹ. Omi tí ó sì ń fi sí ojú, apá àti ẹsẹ̀ ń tu ara rẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí èyíkéyìí nínú ètò tí mo ti kọ sílẹ̀ fún un tó tó èyí.

Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, a gbọ́ pé ilé ìwòsàn Gabriel Touré ní Bamako, ní orílẹ̀-èdè Mali, ka òkú 102 láàrin ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí ó lé ní ìdajì wọn jẹ́ ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ooru ńlá, ààwẹ̀, àti àìsí iná ló pàdé níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pàdé nínú yàrá ìyá yìí.

Ní ibi iṣẹ́ wa, ìwé ìbẹ̀wò ti yí padà. Kí oṣù Kejì tó parí, a máa ń tú oògùn àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, a ń béèrè èyí tó ń lé omi jáde àti aago tí wọ́n ń lò ó, a sì ń fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà. A máa ń ní kí wọ́n fi ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn wá, a ó sì fi ẹsẹ̀ wa rìn ín. Ìbẹ̀wò kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ jẹ́ alẹ́. A ń bi ẹlẹ́sìn méjèèjì, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, bóyá wọ́n ní ààwẹ̀ lọ́kàn, a sì ń kọ́ àwọn ọmọ inú ilé bí a ṣe ń rẹ aṣọ lé ènìyàn lára, nítorí pé ọmọdé ló sábà máa ń wà nílé.

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, nígbà tí ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọdébìnrin náà wá bá mi pẹ̀lú ọ̀rá dúdú kan lọ́wọ́. Oògùn ìyá rẹ̀ àgbà ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó ti tán. Ó ní, "Màmá àgbà ní kí ẹ bá àwọn wò ó, pé ooru ti ń bọ̀." Mo bi í bóyá ìyá ti padà sí yàrá rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n ti ṣe sílìn náà parí. Ó ní rárá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ṣì ń sùn, wọ́n sì ti gbé àga náà síbẹ̀.